Ọmọ ìyá kan náà, kíndìnrín kò bára mu: ṣé ọmọ bàbá wa ni àbúrò mi?

Ìbéèrè náà rèé, bí ẹni tó ni ín ṣe kọ ọ́:

"Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí. Kíndìnrín mi méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ mi. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ìyá ọmọ bàbá, ló kọ́kọ́ dìde pé òun yóò fún mi ní ọ̀kan. Àyẹ̀wò dé, wọ́n ní HLA wa kò bára mu rárá, kò sí ẹyọ kan. Ti ìyàwó mi, tí mo pàdé nígbà tí mo ń ṣe agùnbánirọ̀, tí kò bá wa tan níbì kankan, ni wọ́n ní ó ṣeé ṣe. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti ń wo ìyá mi bákan. Ẹnìkan ti là á mọ́lẹ̀ pé bóyá àbúrò mi kì í ṣe ọmọ bàbá wa. Màmá kò jẹun dáadáa mọ́. Ṣé àyẹ̀wò yìí lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ hàn? Àti pé, ṣé ara mi kò ní kọ kíndìnrín ìyàwó mi?"

* * *

Rárá, kò lè fi hàn. Ẹ lọ sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá yín kí wọ́n lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ màmá kí ilẹ̀ tó ṣú, lẹ́yìn náà kí ẹ padà wá ka ìyókù.

Èmi kì í ṣe dókítà o. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń gbé kíndìnrín ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kiri, mo sì ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì kíliníìkì pẹ́ débi pé àwọn nọ́ọ̀sì tuntun ń bi mí ní ìbéèrè.

HLA ni àmì tó wà lára sẹ́ẹ̀lì wa, tí àwọn sójà ara fi ń mọ onílé yàtọ̀ sí àlejò. Àwọn jíìnì tó ń ṣe é wà lójú kan náà lórí chromosome 6, ọ̀kan nínú àwọn okùn tó ń gbé jíìnì, nítorí náà wọ́n sábà máa ń ti ọ̀dọ̀ òbí bọ́ sọ́dọ̀ ọmọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ìdì aṣọ tí wọn kò tú. Ẹ jẹ́ ká fi aṣọ náà ṣe é. Bàbá ní ìdì méjì: ẹtù àti sányán. Ìyá ní méjì tirẹ̀: àlàárì àti àdìrẹ. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á gba ìdì kan lọ́wọ́ bàbá àti ìdì kan lọ́wọ́ ìyá, kò sì sẹ́ni tó ń bi í léèrè èyí tó wù ú. Tó bá jẹ́ ẹtù àti àlàárì ló bọ́ sí yín lọ́wọ́, tó jẹ́ sányán àti àdìrẹ ló bọ́ sí àbúrò yín lọ́wọ́, fọ́nrán òwú kan kò pa yín pọ̀, bẹ́ẹ̀ inú àpótí kan náà lẹ ti kó o. Ọmọ ìyá ọmọ bàbá méjì ní àǹfààní ẹyọ kan nínú mẹ́rin láti bára mu pátápátá, méjì nínú mẹ́rin láti pín ìdajì, ẹyọ kan nínú mẹ́rin láti má pín nǹkan kan. Ẹyọ ìkẹyìn yìí ló já lé yín lórí.

Tó bá jẹ́ láàrin òbí àti ọmọ ni, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, torí ọmọ gbọ́dọ̀ ní ìdì kan tí òbí rẹ̀ ní. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú HLA ọmọ ìyá méjì tó fi ṣẹjọ́ ìyá ọlọ́mọ, irọ́ ló ń pa mọ́ láàbù. Ẹ̀ka ẹ̀jẹ̀ náà, A, B, AB, O, kò yàtọ̀ sí èyí: bàbá A àti ìyá B lè bí gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ilé kan.

* * *

Ẹnìkan fèsì pé "ẹ yẹ jẹ́nótáìpù wọn wò, bí ọ̀kan bá jẹ́ AS tí èkejì jẹ́ AA, ara máa kọ̀ ọ́." Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lẹ̀ ń sọ yẹn. AA, AS àti SS kò kan bóyá ara máa kọ kíndìnrín. Bí ẹni tó fẹ́ fúnni bá jẹ́ AS, àwọn dókítà lè yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ṣùgbọ́n nítorí ìlera tirẹ̀ ni, kí ẹyọ kan tó máa kù fún un má baà dá wàhálà sílẹ̀ lọ́la. Rhesus náà, pósítíìfù tàbí nẹ́gétíìfù, kò dí kíndìnrín lọ́wọ́. A, B, O ló ṣe pàtàkì níbẹ̀.

* * *

Mẹ́ta nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá sí i lẹ sọ ohun kan náà ní oríṣiríṣi ọ̀nà: ọ̀rọ̀ kíndìnrín, ọ̀rọ̀ iyekan ni, ìyàwó ò kí ń ṣe iyekan.

Mo mọ ibi tí èrò yẹn ti wá. Ìbejì ló ṣí ìtàn iṣẹ́ abẹ yìí. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1954, Joseph Murray àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Peter Bent Brigham Hospital ní Boston yọ kíndìnrín lára Ronald Herrick, wọ́n fi sára Richard tí wọ́n jọ jẹ́ ìbejì. Ẹyin kan ṣoṣo ló pín sí méjì tó fi di àwọn méjèèjì. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan kíndìnrín, wọ́n ti kọ́kọ́ gé awọ ara ọ̀kan lẹ̀ mọ́ èkejì lára, wọ́n rí i pé ara kò lé e dànù. Richard lo ọdún mẹ́jọ sí i láìjẹ oògùn kankan tó ń dá sójà ara dúró. Kí ẹnikẹ́ni tó máa yọ̀ pé ilẹ̀ ìbejì ni tiwa: púpọ̀ nínú ìbejì tiwa, títí kan àwọn tó kún Ìgbó-Ọrà, ẹyin méjì ni wọ́n ti wá. Níbi HLA, Táyé àti Kẹ́hìndé irú ìyẹn kò sàn ju tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lásán lọ.

Àmọ́ ayé ti kúrò ní 1954. Ní 1995, Paul Terasaki àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé iye kíndìnrín tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta jáde. Èyí tó wá láti ọ̀dọ̀ ọkọ tàbí aya jẹ́ 85%, ti òbí jẹ́ 82%, èyí tí wọ́n yọ lára òkú jẹ́ 70%. Tọkọtaya kò sì sún mọ́ òbí àti ọmọ níbi bíbáramu HLA o! Ohun tó gbe tọkọtaya ni pé ara alààyè tí ara rẹ̀ le ni kíndìnrín náà ti jáde, kò bá ikú jà, kò sùn sórí yìnyín kó tó débi tó ń lọ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká pa "ṣé ẹbí ni?" tì. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbé lọ bá dókítà ni: kí ni ara mi ti rí rí?

Ọ̀nà mẹ́ta ni ara gbà ń rí HLA ẹlòmíràn: oyún, gbígba ẹ̀jẹ̀, àti kíndìnrín tí wọ́n ti fi síni lára tẹ́lẹ̀. Tó bá ti rí i, ó lè ṣe antibody, ohun ìjà inú ẹ̀jẹ̀, pamọ́ dè é. Bí kíndìnrín tó ní àmì yẹn bá wá wọlé, wọn kì í dúró dọ̀la: láàrin ìṣẹ́jú sí wákàtí, kíndìnrín á ti dúdú lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe crossmatch, tí wọ́n á da omi ẹ̀jẹ̀ ẹni tó fẹ́ gbà á pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì ẹni tó fẹ́ fún un, kí wọ́n wò ó bóyá ìjà máa ṣẹlẹ̀ nínú ìgò kó má baà jẹ́ nínú ikùn. Patel àti Terasaki ló fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1969. Nínú àwọn 30 tí crossmatch wọn fi hàn pé ìjà wà, 24 ni kíndìnrín wọn kú lójú ẹsẹ̀. Nínú 195 tí tiwọn mọ́, 8 péré ni.

Tèmi rèé. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ jáde. Ẹ̀ka ẹ̀jẹ̀ wa bára mu, ara rẹ̀ le koko, ó ti jáwọ́ nínú sìgá nítorí rẹ̀. Crossmatch dé: pósítíìfù. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí fún un, ìlọ́po mẹ́rin ni ara mi sì ti rí àmì rẹ̀. Ọkùnrin náà bínú! Ó ní ṣé ara mi kórìíra òun ni. Àkọ́bí wa ní kí wọ́n yẹ òun wò, tirẹ̀ náà pósítíìfù, torí ìdajì tó gbà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ gan-an ni sójà mi ń dọdẹ. Mo tún ti gba páìǹtì ẹ̀jẹ̀ mẹ́fà ní ilé ìwòsàn kan tí kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún mi níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, tí a pín ìdajì, ni tiẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin, ọkùnrin ni yín. Ẹ kò lóyún rí. Ìyàwó sí ọkọ máa ń rọrùn ju ọkọ sí ìyàwó tó ti bímọ lọ, ẹ̀yin lẹ sì wà ní apá tó rọrùn.

* * *

"Tí kò bá sí nǹkan nínú bíbáramu, kí ni wọ́n ń gba owó àyẹ̀wò rẹ̀ fún?"

Mi ò sọ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Àmì mẹ́fà ni wọ́n máa ń kà jù: méjì ní A, méjì ní B, méjì ní DR. Bí àwọn tí kò bára mu bá ṣe ń dín kù ni kíndìnrín ṣe ń pẹ́ sí, ti DR ló sì wúwo jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. DQ tí wọn kì í kà sí tẹ́lẹ̀ ló sábà máa ń fa antibody tuntun lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan. Èyí tó tún yẹ kí ọ̀dọ́ ro ni pé bí kíndìnrín àkọ́kọ́ bá lọ tán, gbogbo àmì tí kò bára mu yẹn lè ti di antibody tó máa dínà fún ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹni ọgbọ̀n ọdún àti ẹni ọgọ́ta ọdún kò gbọdọ̀ fi ojú kan náà wò ó.

Àmọ́ oògùn ti dín agbára àìbáramu kù. Ní 2003, àwọn Amẹ́ríkà tó ń pín kíndìnrín òkú yọ máàkì tí wọ́n ń fún bíbáramu HLA-B kúrò, torí ó ń ti àwọn aláwọ̀ dúdú sẹ́yìn lórí ìlà. Ní Nàìjíríà, láti ọdún 2000 tí ilé ìwòsàn St Nicholas l'Ékòó ti ṣe àkọ́kọ́, àti 2002 tí OAUTHC, ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀, ti tẹ̀ lé e, alààyè ló ń fún alààyè. Àwa kò ní ìlà tí ẹnikẹ́ni fẹ́ tò. Ẹni tó bá jókòó tì wá la ní, ibẹ̀ la ti máa yàn.

* * *

Sí ẹni tó ní ká wá "ọmọkùnrin kan tí owó ń wù" ní Ìsàlẹ̀ ibi báyìí: Òfin Ìlera ti 2014 sọ títa ẹ̀yà ara di ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún kọ ọ́ síbí.

* * *

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ oògùn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù kíndìnrín tó bára mu dáadáa. Bàbá kan béèrè ìdí tí tacrolimus tirẹ̀, oògùn tó ń dá sójà ara dúró kí wọ́n má kọ kíndìnrín, fi pọ̀ ju ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ṣe tirẹ̀ ní Íńdíà lọ, ó ní bóyá dókítà fẹ́ ba kíndìnrín òun jẹ́ ni.

Jíìnì kan ń jẹ́ CYP3A5, òun ló ń lọ oògùn yẹn kúnná nínú ìfun àti ẹ̀dọ̀. Lára ọ̀pọ̀ òyìnbó, ọlọ náà ti kú. Lára ọ̀pọ̀ àwa aláwọ̀ dúdú, ó ń lọ̀ tọ̀sán-tòru, ìwọ̀n tó ń ká òyìnbó á ti tán nínú ẹ̀jẹ̀ wa kí aago tó yí. Ìlànà CPIC, ẹgbẹ́ tó ń sọ bí wọ́n ṣe lè fi jíìnì díwọ̀n oògùn, ti 2015 ní kí ẹni tí jíìnì náà ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ fi ìlọ́po 1.5 sí 2 ìwọ̀n tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kó má sì kọjá 0.3 miligíráàmù fún kílò kan lójúmọ́. Kì í ṣe gbogbo wa lọlọ ń ṣiṣẹ́ lára wa o, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi èyí yí oògùn rẹ̀ padà nílé.

Mi ò mọ èyí nígbà tí mo ṣe tèmi. Wọ́n kọ ìwọ̀n tó wà nínú ìwé fún mi, iye oògùn inú ẹ̀jẹ̀ mi kò gòkè fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ kẹta creatinine mi, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kí kíndìnrín sẹ́ dànù, bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú kíndìnrín náà wò: sójà ti wọlé. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi fa steroid olómi sí mi lára. Kíndìnrín náà padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n creatinine mi kò sọ̀ kalẹ̀ débi tó wà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mọ́ títí dòní. Nítorí náà, bàbá, ẹ má ka iye kóró oògùn. Ẹ bi wọ́n pé mélòó ni ìwọ̀n inú ẹ̀jẹ̀ yín.

Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, rifampicin, máa ń fa ìwọ̀n yẹn lulẹ̀ burúkú. Erythromycin àti fluconazole, tí kẹ́mísìtì ń tà bí ẹni ń ta gúgúrú, á gbé e gòkè débi tó ti ń pa kíndìnrín fúnra rẹ̀ lára. Ti àgbo ńkọ́? Ìyá kan wà ní kíliníìkì wa tó mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí fún ọjọ́ mẹ́rin, creatinine rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Dókítà béèrè ohun tó wà nínú ìgò náà. Kò mọ̀. Ẹni tó tà á fún un náà kò sọ.

Àwọn tó ń fo ọjọ́ kan kí páálí oògùn lè bá wọn dé ìparí oṣù: mo ti ṣe é rí, mo mọ iye tó ń jẹ́. Ṣùgbọ́n àárín àwọn ọjọ́ tí ẹ fò yẹn ni ara ń ráyè ṣe antibody tuntun sí kíndìnrín, kì í sì í dunni. Nígbà tí ẹ bá fi máa mọ̀, ó ti ń lọ díẹ̀díẹ̀.

* * *

Àbúrò kan kọ̀wé láti Lọ́ńdọ̀nù: "Àǹtí, mo fẹ́ fún bàbá mi ní kíndìnrín. Wọ́n ní torí pé Yorùbá ni mí, àwọn fẹ́ yẹ jíìnì kan tó ń jẹ́ APOL1 wò. Ṣé kì í ṣe ìyàsọ́tọ̀ nìyẹn?"

Èmi náà ì bá bínú, ká ní mi ò mọ̀dí rẹ̀. Ní 2010, ẹgbẹ́ Martin Pollak ní Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ jáde pé ẹ̀yà APOL1 méjì, G1 àti G2, wà lẹ́yìn púpọ̀ nínú àìsàn kíndìnrín àwọn aláwọ̀ dúdú. Wọ́n ka ti Yorùbá, torí ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá Ìbàdàn ti wà nínú HapMap, iṣẹ́ ìwádìí tó ń fi jíìnì àwọn ènìyàn wéra, látẹ̀yìnwá: nǹkan bí 38% ẹ̀dà jíìnì náà jẹ́ G1, 8% jẹ́ G2. Ẹni tó ní ẹyọ kan kò séwu púpọ̀ fún un, ẹni tó ní méjì ni ọ̀rọ̀ kàn. Ẹ ṣírò rẹ̀, ó sún mọ́ ẹnìkan nínú márùn-ún láàrin wa. Kí ló fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ìtàn AS àti ibà náà ni: àwọn ẹ̀yà yìí ń pa irú kòkòrò àìsàn oorun kan, tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, tí APOL1 lásán kò lè pa. Ohun tó gba àwọn baba ńlá wa là ló ń ka kíndìnrín mọ́ àwọn kan lára wa.

Ẹni tó ní méjì kò ní kó ṣàìsàn dandan, ọ̀pọ̀ á darúgbó láìmọ̀. Ṣùgbọ́n kíndìnrín kì í pààrọ̀ jíìnì rẹ̀ tó bá kó lọ sára ẹlòmíràn. Èyí tó bá gbé méjì lọ sábà máa ń tètè bàjẹ́ ju èyí tí kò gbé e lọ. Ìyẹn kì í ṣe pé ara kọ̀ ọ́ o, kíndìnrín náà ló ń rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àmọ́ ní 2021, ìwádìí kan nínú Journal of Clinical Investigation tún fi hàn pé bí ẹni tó gba kíndìnrín bá ní ẹ̀yà wọ̀nyí lára òun fúnra rẹ̀, ó jọ pé sójà ara rẹ̀ máa ń gbóná jù, tí kíkọ̀ fi ń pọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ di ti tọ̀tún-tòsì.

Àbúrò, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin tó máa fi ẹyọ kan gbé ayé lẹ nílò èsì yẹn ju bàbá lọ.

Èyí ló sì dá mi padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ìbéèrè. Bí ohun tó ba kíndìnrín yín jẹ́ bá jẹ́ ti ìdílé, ó ṣeé ṣe kí àbúrò yín náà ní in. Bóyá ìyàwó tí ẹ pè ní àjèjì yìí ló sàn jù níbi tí ẹnikẹ́ni kò rò. Ṣùgbọ́n kí wọ́n yẹ òun náà wò, torí Yorùbá lòun náà bí n kò bá ṣi ọ̀rọ̀ yín gbọ́.

* * *

Ẹni tó ni ìbéèrè padà wá lánàá. Crossmatch òun àti ìyàwó rẹ̀ mọ́. Màmá ti ń jẹun. PCV ọkùnrin náà, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó lára, jẹ́ 19, ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ní kó wá gba páìǹtì méjì, kí ẹbí wá fi ẹ̀jẹ̀ dípò.

Ẹ dúró ná. Ẹ bi wọ́n léèrè bóyá abẹ́rẹ́ erythropoietin, tó ń mú ara ṣe ẹ̀jẹ̀, àti iron lè gbé e gòkè. Mo mọ̀ pé ó wọ́n ju páìǹtì ẹ̀jẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ fẹ́ gba kíndìnrín. Bí èémí yín bá ń há tàbí àyà ń dùn yín, ẹ gba ẹ̀jẹ̀, ẹ má kú sórí ìmọ̀ràn mi. Kí wọ́n bá yín wá èyí tí wọ́n ti sẹ́ ẹ̀jẹ̀ funfun inú rẹ̀ dànù, bí ẹni sẹ́ ògì; kò dènà antibody tán, ó dín in kù ni. Ẹ̀jẹ̀ ìyàwó yín kò gbọdọ̀ wọ ara yín láti inú páìǹtì kankan. Kí láàbù sì mọ ọjọ́ tí ẹ gbà á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, kí wọ́n tún wá antibody, kí wọ́n sì tún crossmatch ṣe nígbà tí iṣẹ́ abẹ bá ku ọjọ́ díẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú ẹ̀jẹ̀ kò tó gbára lé mọ́.

Ẹ tún bi ara yín léèrè ohun kan tí èmi kò rò títí ó fi bá mi lójijì. Ọjọ́ kan náà ni ẹ̀yin méjèèjì máa wọ tíátà. Ìyàwó yín kò ní lè gbé nǹkan tó wúwo fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́fà, ẹ̀yin kò ní lè súnmọ́ èrò. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, kó máa sáré oògùn, kó máa sùn sí wọ́ọ̀dù. Ẹ pe àbúrò yín.